Ọjọ́rú, 7 Oṣù Karùn-ún 2025: Ta Ló Ni Ife Seville?

Ọjọ́rú ni 7 Oṣù Karùn-ún bọ́ sí lọ́dún 1986, Ọjọ́rú náà ló tún bọ́ sí lónìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èyí ni àyájọ́ àkọ́kọ́ tí Helmuth Duckadam kò sí láyé. Oṣù Kejìlá tó kọjá ló dágbére fáyé, aṣọ́lé Steaua, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bucharest, olú-ìlú Ròmáníà, tó mú pẹ́nárítì mẹ́rin tẹ̀ léra nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n bá Barcelona gbá lọ́jọ́ yẹn lọ́dún 1986. Wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Bucharest lónìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì pẹ́ díẹ̀, á di àríyànjiyàn, torí ẹgbẹ́ méjì ló ń pe ife tó gbà yẹn ní tiwọn.

Eré ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò dùn ún wò. Seville, ní ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n ti gbá a, nítorí náà àwọn alátìlẹ́yìn Barcelona ló kún pápá bámúbámú. Steaua kò kánjú. Wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn lẹ́sẹ̀ kúkúrú, wọ́n ń jẹ́ kí àkókò lọ. Nígbà tí abala kejì wọra, Anghel Iordănescu, ẹni ọdún 36 tó jẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá Emeric Jenei, bọ́ aṣọ ìgbáradì, ó wọ pápá láti túbọ̀ mú eré náà rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú 120 pé, ọ̀mì ni, òdo sí òdo.

Ó di pẹ́nárítì. Mẹ́jọ ni wọ́n gbá, méjì péré ló wọlé. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé pé Urruti, aṣọ́lé Barcelona, náà mú méjì àkọ́kọ́ tí Steaua gbá, ti Majearu àti ti Bölöni. Ká ní Duckadam kò mú nǹkan kan, Urruti ni à bá máa sọ ìtàn rẹ̀ títí dòní. Duckadam fò sí ọ̀tún ara rẹ̀ fún Alexanko, ó mú un. Ó fò sí ọ̀tún fún Pedraza, ó mú un. Lăcătuș wá fi agbára gbá tiwọn wọlé. Nígbà tó kan Pichi Alonso, ẹni tó ń gbá pẹ́nárítì á ti máa rò ó pé aṣọ́lé tó ti lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì kò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Ọ̀tún náà ló tún lọ. Balint gbá tirẹ̀ wọlé. Fún Marcos, tó gbá ìkẹyìn, òsì ni Duckadam fò sí. Ẹgbẹ́ Ìlà Oòrùn Yúróòpù gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ife wà nílẹ̀, ta ló wá ni ín? Ẹ bi UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, wọ́n á ní FCSB ni, ẹgbẹ́ aládàáni kan ní Bucharest. Ẹ lọ sí Ghencea, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Bucharest, ẹ ó bá ife náà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun, ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní CSA Steaua. Ìjà ogún gan-an ni: ọmọ kan di kọ́kọ́rọ́ ilé mú, èkejì di ìwé ilẹ̀ mú.

Ọmọ ogun ló bí i, ìyẹn kò níyàn nínú. 7 Oṣù Kẹfà 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ASA, ó di CSCA lọ́dún 1948, ó di CCA lọ́dún 1950, 1961 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di Steaua. Ìràwọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun dá tiwọn sílẹ̀, ní 14 Oṣù Karùn-ún 1948, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tó ń darí ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, dá Dinamo sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀tá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ìjọba, àwọn méjèèjì ní ìbọn, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí èkejì ju òun lọ. Rapid ti wà kí wọ́n tó dé. 1923 ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Grivița dá a sílẹ̀, Giulești ni ilé rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni àwọn ará Rapid fi máa ń fojú ẹgbẹ́ ìjọba wo àwọn méjì yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ rélùwéè náà kì í ṣe iléeṣẹ́ ọlọ́jà kan.

Àǹfààní tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní ni pé gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ológun. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè fi ìwé ìpè ológun mú un. Ti Gheorghe Hagi, agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí, tiẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sportul Studențesc, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló wà. Wọ́n ní kó wá bá Steaua gbá ẹyọ eré kan, ìyẹn Super Cup pẹ̀lú Dynamo Kyiv ní Monaco, 24 Oṣù Kejì 1987. Òun ló gbá ayò kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà. Steaua kò dá a padà mọ́.

Láti Oṣù Kẹfà 1986 títí di Oṣù Kẹsàn-án 1989, Steaua gbá eré líìgì 104 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na wọ́n. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí ní Ròmáníà nígbà náà kò ní kàn pàtẹ́wọ́ fún iye yẹn lásán, ṣùgbọ́n kò tún ní sọ pé ojúsàájú nìkan ni, torí ẹgbẹ́ kan náà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá Yúróòpù lọ́dún 1988, ó sì dé àṣekágbá lọ́dún 1989, níbi tí Milan ti fi ayò mẹ́rin sí òdo nà wọ́n. Kò sí ọ̀gágun Ròmáníà kankan tó lè bá rẹfirí wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Dinamo náà kò mọ́ tónítóní. Lọ́dún 1987, Rodion Cămătaru gbá ayò 44 nínú líìgì fún wọn, ó sì gba Bàtà Wúrà ilẹ̀ Yúróòpù. Ìgbẹ̀yìn sáà ni ayò náà ń rọ̀ bí òjò, àwọn èèyàn sì fura. Wọ́n padà fún Toni Polster ti ilẹ̀ Austria, tó gbá 39, ní Bàtà Wúrà tirẹ̀, wọn kò sì gba ti ọwọ́ Cămătaru.

Èyí tó burú jù ni àṣekágbá Ife Ròmáníà, 26 Oṣù Kẹfà 1988. Steaua àti Dinamo wà ní 1-1. Ní ìṣẹ́jú 90, Balint gbá a wọlé, wọ́n ní ọ̀fúsáìdì ni. Valentin Ceaușescu, ọmọ ààrẹ, tó jẹ́ ẹni ńlá nínú Steaua, ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde nínú pápá, wọ́n sì jáde. Níbikíbi mìíràn, ẹgbẹ́ tó bá fi pápá sílẹ̀ ti pàdánù nìyẹn. Steaua ni wọ́n gbé ife fún. Lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu ṣubú, Steaua ní àwọn ṣe tán láti dá ife náà padà, Dinamo ní àwọn kò fẹ́ ẹ.

Ìkórìíra náà kò bá ìjọba yẹn lọ. Lọ́dún 1997, àwọn alátìlẹ́yìn Dinamo dáná sun ìjókòó níbi tí wọ́n fi wọ́n sí ní pápá Ghencea. Ti Rapid máa ń jẹ́ ìjà orin àti ẹ̀fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àyàfi ìgbà tí àwọn àti Steaua pàdé nínú Ife UEFA lọ́dún 2006. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1 ní Giulești, wọ́n ta ọ̀mì 0-0 ní pápá Lia Manoliu, ayò kan tí Steaua gbá nílé onílé ló gbé wọn kọjá. Rapid kò pàdánù eré kankan, síbẹ̀ wọ́n jáde. Steaua náà gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Middlesbrough lẹ́yìn náà: ayò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú ní àpapọ̀, ayò mẹ́rin ni wọ́n jẹ, ìkẹyìn ní ìṣẹ́jú 89.

Nípa ẹjọ́. Lọ́dún 1998, wọ́n yọ ẹ̀ka bọ́ọ̀lù kúrò lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ó dá dúró. Lọ́dún 2003, ó di iléeṣẹ́ aládàáni, ìyẹn ní àkókò tí George Becali, oníṣòwò kan, gbà á. Ibi tí nǹkan ti wọ́ nìyí: ẹnikẹ́ni kò rí ìwé kan pàtó tó sọ pé ọmọ ogun ta orúkọ àti àmì ìràwọ̀ náà tàbí fi í tọrẹ. Nígbà tí Steaua ń gba ife, kò sẹ́ni tó béèrè. Lọ́dún 2011, ọmọ ogun béèrè, nílé ẹjọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé ìforúkọsílẹ̀ àmì náà. Eré tó tẹ̀ lé e nínú líìgì, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Iași, ẹgbẹ́ tó ń gba ife lọ́wọ́ lọ́wọ́ wọ aṣọ yẹ́lò tí kò ní àmì kankan, pátákó ayò kàn kọ “onílé” síbi tó yẹ kí orúkọ wọn wà. Ní Oṣù Kẹta 2017, wọ́n yí orúkọ padà sí FCSB.

Ọmọ ogun náà kò jókòó. Lọ́dún 2017 kan náà, CSA Steaua tún dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ní ìpele kẹrin. Rapid ti wọ gbèsè ṣubú lọ́dún 2016, òun náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, Academia Rapid. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní Arena Națională ní 14 Oṣù Kẹrin 2018, èèyàn 36,277 ló wá wo bọ́ọ̀lù ìpele kẹrin! Rapid ti padà sí Liga I, ìpele àkọ́kọ́ ní Ròmáníà, láti 2021. CSA Steaua gòkè dé Liga II lọ́dún yẹn, ibẹ̀ ló sì há sí. Bó ti wù kó gbá a tó, ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba kò lè rí ìwé àṣẹ Liga I gbà. Pápá tuntun ń bẹ ní Ghencea láti 2021, ìjókòó rẹ̀ ju 31,000 lọ, ẹni tó ni ín kò sì lè gòkè.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n rí FCSB lórí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ nígbà tí Manchester United lọ bá wọn ní Oṣù Kìíní tó kọjá, tí wọ́n ń béèrè irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn, ìdáhùn ni pé ó sinmi lórí ọdún tí ẹ bá ń kà. Bí ẹ bá rí “Steaua” kó tó di 2003, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Láti 2003 sí Oṣù Kẹta 2017, iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ FCSB lónìí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, “Steaua” láìfi ohunkóhun kún un, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti fi wo bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń ṣe sí Dinamo á ka eré ẹgbẹ́ méjì pọ̀ mọ́ra.

Nínú líìgì gan-an ni owó ọ̀rọ̀ wà. Títí di 2024, ife líìgì 27 ni wọ́n ń kà fún FCSB. 21 nínú rẹ̀ ti wà kó tó di 2003, Dinamo sì ní 18. Ní Oṣù Keje 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Bucharest sọ pé ohun tó ṣáájú 2003 jẹ́ ti ọmọ ogun, ẹjọ́ kò sì dúró síbẹ̀. Bí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, FCSB á ku 6, CFR Cluj tó ní 8 á wà níwájú wọn. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì ìdí tí wọn kò fi gbà láti pín in ní sùúrù, iye yẹn ni ìdí.

Àwọn tó wà ní Seville náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Duckadam di ààrẹ tó ń ṣojú FCSB níta láti 2010 fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Lăcătuș lọ ṣiṣẹ́ fún CSA Steaua. Ní ti Duckadam, apá ọ̀tún rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dì sí ní ẹ̀ẹ̀rùn 1986 kan náà, kò gbá bọ́ọ̀lù fún Steaua mọ́ láéláé. Nígbà tó padà sójú ilé lọ́dún 1989, Vagonul Arad ni, ní ìpele kejì.