Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá

Òtútù ló kọ́kọ́ tàn wá jẹ. Oṣù kẹta ni, iná ti lọ, ooru Mushin ń se èèyàn bí ẹ̀wà, síbẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora méjì. Mo ní ibà ni. Wọ́n lo oògùn ibà tán, gbígbọ̀n kò dúró.

Ọjọ́ tí mo gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni àyà mi já. Awọ tó bó lára wọn kún ìkólẹ̀ bí èèpo ẹ̀gúsí. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni ara wọn gbóná, tó ń yún wọn. Ẹsẹ̀ wú, kókó yọ lábẹ́ abíyá. Ẹni tó bá pupa, ẹ máa rí i pé awọ rẹ̀ pọ́n. Bọ̀ọ̀dá mi dúdú, ńṣe ni tiwọn túbọ̀ ṣú bí aró tó ti ṣá, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè yé wa.

Ẹnì kan ní làpálàpá ni, òmíràn ní ayé ló ṣe é. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni wọ́n fi ń wẹ̀ wọ́n, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Màámi fi òrí pa wọ́n lára. (Òrí yẹn nìkan ni dókítà kò bínú sí.)

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan bi wọ́n pé, "Bàbá, oògùn wo lẹ ti lò láti bí oṣù méjì?" Wọ́n ní àwọn kò lo nǹkan kan. Ó ní kí n lọ sílé, kí n kó ohunkóhun tí mo bá rí wá, títí kan àgbo àti ìpara.

Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ni mo ti bá páálí prednisolone mẹ́ta, oògùn alágbára tó ń mú wíwú àti yíyún ara rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ṣófo. Ó ti pẹ́ tí psoriasis, àìsàn awọ tó máa ń nípọn, tó ń yún, tó ń bó, ti wà ní ìgúnpá àti orúnkún wọn. Oníkẹ́míìsì kan ló ta prednisolone náà fún wọn, ara dán, inú wọn dùn, wọ́n dá a dúró lójijì. Ni gbogbo ara bá gbaná.

Erythroderma ni dókítà pè é: kí awọ tó ń gbóná, tó ń bó, gba ìdá 90 nínú 100 ara. Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, oríṣiríṣi nǹkan ló ń fà á. Ó lè jẹ́ psoriasis, ó lè jẹ́ eczema (awọ tó ń gbẹ, tó ń yún), ó lè jẹ́ oògùn bíi carbamazepine tí àwọn oníwárápá ń lò, allopurinol tí wọ́n ń lò fún gout, àìsàn oríkèé ara, tàbí co-trimoxazole tó ń pa kòkòrò àrùn. Irú jẹjẹrẹ kan tún wà lára ohun tó ń fà á. Nígbà mìíràn, wọn kì í rí ìdí rẹ̀ rárá. Awọ tó ti bà jẹ́ báyẹn kò lè di ooru mú mọ́, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń gbọ̀n. Omi ara ń jò lọ, ọkàn ń ṣiṣẹ́ àṣekú, kòkòrò sì ráyè wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la. Bí onítọ̀hún bá sì ní òun kò lo oògùn kankan, ẹ má bá a jà. Ẹ wo abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì.