Ìfọwọ́síwèé Kọ́ Ni Àṣẹ Aláìsàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù ní Abẹ́òkúta, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù lọ nìyí: aláìsàn lè fọwọ́ sí ìwé kó má tíì fún wa láṣẹ láti tọ́jú òun. Ìwé kàn ń jẹ́rìí pé a jọ sọ̀rọ̀ ni. Bí a kò bá sọ ọ́, ẹ̀rí kí ni?

Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 23, ní kí a sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu rẹ̀, iye tí yóò náni, àti pé ó lè kọ̀ ọ́. Ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ èdè tó gbọ́, kí a sì ro ti bó ṣe mọ̀wé tó. Síbẹ̀, a ń na ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí ìyá aládìrẹ láti Ìtokú, a ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ka síbí." Kò dára rárá.

Ẹ má bi í pé ṣé ó yé e. Yóò ní ó yé òun, nítorí ó ń bọ̀wọ̀ fún dókítà. Ẹ ní: "Màmá, bí ọmọ yín bá bi yín nílé pé kí la fẹ́ ṣe, kí lẹ máa sọ fún un?" Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé kókó inú ilé ọmọ nìkan ló rò pé a fẹ́ yọ, nígbà tó jẹ́ pé ilé ọmọ gan-an ló ń lọ.

Ti ẹbí ló le jù. Ẹ má lé wọn. Àwọn ló ń sanwó, àwọn ló ń gbé oúnjẹ wá. Ní Àrò wa níbí, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, láti àwọn ọdún 1950, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Bí ìyàwó bá lè sọ̀rọ̀, ẹ má torí pé ọkọ kò tíì dé láti Èkó fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀.

Bí aláìsàn bá sì kọ ìtọ́jú ńkọ́? Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Dókítà Okonkwo láre: obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ ẹ̀jẹ̀, dókítà náà kò fi ipá fún un, obìnrin náà sì kú. Ẹjọ́ yẹn ń dùn mí títí dòní, àmọ́ mo gbà pé òdodo ni. Ti ọmọdé yàtọ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà fara mọ́ ọn pé a fún ọmọ ìkókó lẹ́jẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ adájọ́, bí ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́. Bí irú rẹ̀ bá délẹ̀, ẹ tètè pe ọ̀gá yín, ẹ má dá a ṣe.

Kí ẹ tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ ohun tí ẹ sọ sínú fáìlì, àti ohun tí aláìsàn fi fèsì, àti ẹni tó bá yín túmọ̀ bó bá wà.