Kò sí nọ́ńbà kan nínú CV náà

Lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó wà ní ọdún ìkẹyìn, jókòó ti CV rẹ̀, ìwé tó máa fi wáṣẹ́. Ojú ìwé 4! A gé e sí ẹyọ kan. Ẹ̀sìn, ìlú òbí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ la yọ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni SIWES, oṣù 6 tí ilé ìwé fi rán an lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́. Ohun tó kọ ò ju "mo ran àwọn ẹnjiníà lọ́wọ́" lọ. Mo bi í pé: ẹ̀rọ wo? Mélòó? Kí ló bàjẹ́, báwo lẹ ṣe tún un ṣe? Ó wá kọ ọ́ pé òun ń yẹ jẹnẹrétọ̀ 3 wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì ń kọ iye epo dísù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ á rí nǹkan bi í léèrè níbẹ̀.

Ẹ wo orúkọ yín náà. Tó bá yàtọ̀ lórí NIN, ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí WAEC, ẹ tètè tún un ṣe kí NYSC tó dé.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ń dá ọ̀pọ̀ padà: ìṣirò ìdá ọgọ́rùn-ún, àtẹ kíkà, àkókò kúkúrú. Ẹ fi aago dánra wò. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ìbéèrè kan kì í parí ìyókù.

Tí wọ́n bá ní "Sọ fún wa nípa ara rẹ", ẹ má ka CV sí wọn létí. Ìṣẹ́jú 2 tó: ohun tí ẹ kọ́, iṣẹ́ kan tí ẹ ṣe àti àbájáde rẹ̀, ìdí tí ẹ fi fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an.