Èmi àti kẹ̀kẹ́ mi lọ́nà Dùgbẹ̀

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń sọ o, ológeere ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà. Láti Bódìjà ni mo ti máa ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, tó bá ti di 6:30 àárọ̀ mo ti jáde kí oòrùn tó mú. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá yẹn, háà, mi ò ní wa nǹkan kan, atẹ́gùn á kó sínú ṣẹ́ẹ̀tì mi á wú bíi bàlúùnù, àwọn Micra á tò sínú gó-síló wọ́n á máa fun fèrè síra wọn, èmi á ti gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, Cocoa House alájà 26 á ti máa yọjú lọ́ọ̀ọ́kán.

Mi ò kì í sọ̀ kalẹ̀ ra àkàrà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ ti tó, màmá alákàrà á ní "rọra o, ọkọ mi", epo á sì jẹ́ kí búrékì máa yọ̀ mí lọ́wọ́.

Tí n bá ń padà ńkọ́? Mo máa ń tì í gun òkè ni jàre. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣéènì já, gíríìsì ba ṣòkòtò mi jẹ́, ọ̀gá mi ní kí n lọ ra mọ́tò. Mo ní ta ló máa bá mi ra epo sí i?