Jíà tí mo tún ṣe fúnra mi kò fẹ́ kúrò ní kìíní

Sátidé

Giábọ́ọ̀sì tí mo tú palẹ̀ láti oṣù tó kọjá ti padà sábẹ́ ọkọ̀. 700R4 ti GM (ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors) ni, jíà ọtọmátíìkì oníjíà mẹ́rin tó jáde lọ́dún 1982, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí 4L60 nígbà tó di 1990. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún un pé kó pààrọ̀ jíà. Agbára ọ́ìlì, gọ́fánọ̀ tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, àti wáyà kan tó ti ara kábúrétọ̀ wá tó ń sọ bí mo ṣe tẹ iná tó, ni wọ́n jọ ń pinnu rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Òun náà ló sì gba oorun lójú mi lọ́sẹ̀ yìí.

Mo rọra tẹ iná, ọkọ̀ gbéra. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ó ń ké, jíà ò kúrò ní kìíní. Ìyípo ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kí jíà tó bọ́ sí kejì, nígbà tó sì máa bọ́ sí i, gbàm! Àfi bíi pé ẹnìkan fi òòlù lu ìdí ọkọ̀. Kẹta náà pẹ́ kó tó wọlé. Mo wà á padà sílé bí ẹni tó ru ẹyin.

Àìkú

Ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ wò, nígbà tó ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí jíà wà ní Park. Ó pé, kò hó, kò rùn. Mo wá yọ gọ́fánọ̀. Eyín rẹ̀ pé, àwọn òkúta ìwọ̀n ara rẹ̀ ń lọ wọ́n ń bọ̀ fàlàlà. Mo dá a padà.

Ọkàn mi wá lọ sórí kílọ́ọ̀ṣì, àwọn àwo inú giábọ́ọ̀sì tó ń di jíà mú. Mo ti fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ jíà.

"Àbúrò, ṣé gbogbo wọn ló ń pẹ́, àbí ọ̀kan péré?"

"Gbogbo wọn ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo wá ń wá lọ nínú kílọ́ọ̀ṣì? Fi géèjì agbára ọ́ìlì sí i kóo tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, torí géèjì náà ti wà nínú àpótí mi tipẹ́.

Ọjọ́rú

Mo so géèjì mọ́ ihò tó wà lára giábọ́ọ̀sì, mo gbé taya ẹ̀yìn sókè, mo fi jíà sí Drive. Kí n tó tẹ iná rárá, abẹ́rẹ́ ti lé ní 100 psi, ìwọ̀n agbára ọ́ìlì. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 60 síbẹ̀. Bí agbára ọ́ìlì bá ti ga tó báyìí nígbà tí ẹsẹ̀ ò tíì kan ìtẹ̀ iná, èrò jíà ni pé mo ti tẹ iná tẹ́lẹ̀. Ó máa pẹ́ kó tó pààrọ̀, á sì pààrọ̀ tagbáratagbára.

Ó ku wáyà kábúrétọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn: a tẹ bọ́tìnnì kékeré ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ti ibi tó ń yọ̀ sẹ́yìn títí tó fi dúró, a tú bọ́tìnnì sílẹ̀, lẹ́yìn náà a fa ọwọ́ kábúrétọ̀ dé òpin kí wáyà fúnra rẹ̀ wọ ibi tó yẹ, tá, tá, tá. Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo ṣe. Èmi tí mo ń ṣìkẹ́ jíà tuntun, n kò tẹ iná dé ilẹ̀ rí látìgbà tí mo ti gbé e wọlé, torí náà wáyà wà níbi tí mo ti í sí, ó le dandan.

Mo fa ọwọ́ kábúrétọ̀ dé òpin. Mo gbọ́ tá, tá, tá. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí 62. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín ara mi.

Sátidé kejì

Jíà ń pààrọ̀ lásìkò báyìí, kẹta àti kẹrin ń wọlé jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kìíní sí kejì ṣì ń lu gbàm. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù lọ: ní kìíní, ìgbà 3.06 ni ẹ́ńjìnnì ń yí kí ọ̀pá tó ń jáde lẹ́yìn jíà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ní kejì 1.63 ni, ìyẹn ni pé ìyípo ẹ́ńjìnnì ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ti èmi yìí pọ̀jù. Ejò lọ́wọ́ nínú.

Nígbà tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ibi tó kan ọ̀kan yẹn nìkan ni kí n wò. Accumulator kìíní sí kejì ni. Bí ọ́ìlì bá ń sáré lọ di báńdì (bẹ́líìtì irin tó ń di dúrọ́ọ̀mù inú jíà mú kó má yí) mú fún jíà kejì, accumulator á gba díẹ̀ sínú, pisitín rẹ̀ á máa lọ pẹ̀lú sìpíríǹgì, kí báńdì lè dì mọ́ dúrọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀. Kò pọn dandan láti tú fáàfù bọ́dì, ibi tí àwọn ọ̀nà ọ́ìlì wà, láti yọ ọ́, àmọ́ páànù, abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ jíà, gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ́ìlì ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi.

Mo fi àtàńpàkò ti pisitín. Kò lọ, kò bọ̀. Ó ti há sórí pìnnì rẹ̀. Mo gbé e sójú iná, mo sì rí i: ojú ọgbẹ́ kékeré kan lára pìnnì, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, etí rẹ̀ yọ síta. Mo wá rántí alẹ́ kan tí nǹkan yìí já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí símẹ́ǹtì, tí mo nù ún, tí mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan.

Mo fi sáńpépà múlọ́múlọ́ tó ní ọ́ìlì lára ra etí yẹn títí tí èékánná mi ò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ síìlì, mo tò ó padà. Ní báyìí, pisitín ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ tí mo bá dorí rẹ̀ kodò.

Àìkú, kí ilẹ̀ tó ṣú

Gbàm ti lọ. Mo ń mọ̀ ọ́n tó bá bọ́ sí kejì, ṣùgbọ́n kì í fò mọ́.

Ó ku lock-up, ìyẹn bí converter tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ṣe ń dì pa kí méjèèjì máa yí pọ̀. Mo wà á ní kẹrin lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ mi dúró sójú kan lórí iná, mo sì fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́. Bí converter bá ti dì, ó yẹ kí ìyípo ẹ́ńjìnnì gòkè díẹ̀ nígbà yẹn. Abẹ́rẹ́ ò mira. Pulọ́ọ̀gì wáyà iná tó wọnú giábọ́ọ̀sì lápá òsì ni màá kọ́kọ́ yọ wò lọ́la, kí n tó sọ páànù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.