Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, tí ò lè lanu níwájú ọ̀gá

Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ l'Ájàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ CV ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bá wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo CV mi", "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tún lettre de motivation yìí kọ", ìyẹn lẹ́tà ìwáṣẹ́. Mo máa ń bá wọn ṣe é o, àmọ́ CV kọ́ ló ń já wọn kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ríṣẹ́, tàbí kí wọ́n rí stage, ibi tí wọ́n ti máa fi iṣẹ́ kọ́ra, kí oṣù mẹ́ta tó pé wọ́n á ti padà sílé. Òmíràn ní licence, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, òmíràn kọ́ṣẹ́ ọwọ́ parí. Ohun tí wọ́n ń pè ní savoir-être nínú ìkéde iṣẹ́, ìyẹn ìwà àti ìṣesí èèyàn níbi iṣẹ́, ló ń lé wọn kúrò, ẹnikẹ́ni ò dẹ̀ jókòó kọ́ wọn rí.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ọ̀gá rán an níṣẹ́ ní Faransé, ó yé e díẹ̀, kò yé e tán, ó ní "oui patron", ó jáde, ó lọ ṣe é bó ṣe rò ó. Tàbí òjò dá a dúró, kò rí zem, ọ̀kadà, dípò kó pe ọ̀gá kí àsìkò tó lọ, ó ti pọ́táábù, fóònù ẹ̀, bọ àpò, ó dé láago mẹ́wàá, ó ń wolẹ̀. Tàbí owó kù, ó mọ̀ láti àárọ̀, kò sọ títí ọ̀gá fi fúnra ẹ̀ rí i. Ọ̀gá á ní òpùrọ́ ni, olè ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kì í ṣe ìkankan, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ló ń ṣe: àgbà ń sọ̀rọ̀, má dá sí i, wọ́n ń bá ẹ wí, wolẹ̀, má fèsì.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni ju ẹ̀kọ́ ilé nù o! Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́. Ọmọ Kétu tó débi iṣẹ́ láàárọ̀, tó kí aṣọ́nà, tó kí ìyá tó ń gbálẹ̀, tó yíkàá fún àgbà inú bùròó, gbogbo wọn ló máa fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tó kù ni kó mọ̀ pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún àgbà kó sì tún sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ò ṣeé fi nóòtì kọ́, torí náà bí eré la ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan á di ọ̀gá, á le koko, ẹnì kejì á wá sọ fún un pé owó kù. A máa ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Ègùn á fi Ègùn bẹ̀rẹ̀, ká tó wá bọ́ sí Faransé. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Owó àárọ̀ yìí dín 2,000. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ti wo ìwé, mi ò tíì rí ibi tó gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ ohun tó ti ṣe sí i, ó sọ ohun tó ń fẹ́, kò dẹ̀ ti ọ̀ràn sí ẹlòmíì lọ́rùn. Lákọ̀ọ́kọ́ ohùn wọn kì í jáde, a á tún un ṣe, a á pààrọ̀, ẹni tó ṣe ọ̀gá á wá ṣe ọmọṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń yé wọn pé bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ló ń bí ọ̀gá nínú ju owó tó sọnù lọ.

Ti entretien, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, tún le. Tí wọ́n bá ní "parlez-moi de vous", ìyẹn "sọ nípa ara ẹ fún wa", ọmọ á dárúkọ ara ẹ̀, á dákẹ́, torí wọ́n ti sọ fún un pé ẹnìkan kì í fẹnu ara ẹ̀ yin ara ẹ̀. Mo wá bi ọmọbìnrin kan pé kí ló máa ń ṣe nílé, ó ní òun lòun ń kọ ìwé àjọ tí ìyá òun ń gbà lọ́jà Ouando, owó ò dẹ̀ tíì dàrú lọ́wọ́ òun rí. Ṣé ẹ rí nǹkan! Ìyẹn kì í ṣe ìgbéraga, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, òun ló yẹ kó sọ.

Àwọn kan ní ìwà ò ṣeé kọ́ ní kíláàsì. Ní Lomé, Tógò tó wà nítòsí wa yìí, àwọn olùṣèwádìí kó 1,500 oníṣòwò kéékèèké jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìṣirò owó àti bí wọ́n ṣe ń tajà, wọ́n kọ́ apá kejì bí èèyàn ṣe ń fúnra ẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un, wọn ò kọ́ apá kẹta ní nǹkan kan. Èsì ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2017: èrè àwọn apá kejì fi 30% lé sí i, ti àwọn oníṣirò ò ju 11% lọ, ìyẹn gan-an ò dájú. Oníṣòwò ni wọ́n lóòótọ́, wọn kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ wọn yẹn ni èmi náà ń wá fáwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Tí ọmọ bá mú ìròyìn burúkú wá tẹ́ ẹ bú u níwájú oníbàárà, kò ní mú òmíràn wá mọ́.

Mi ò dẹ̀ kọ́ wọn ní sùúrù tó jọ ìyà o. SMIG, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí, ní Bẹ̀nẹ̀ ti di 52,000 fráǹkì lóṣù láti oṣù kìíní 2023, àìmọye ọmọ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìbéèrè iye tí wọ́n máa san fóun, torí ojú ń tì í. Ìbéèrè yẹn la máa ṣe ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mo ti bẹ ìyá kan tó ní ilé ìtajà kó wá jókòó, kí wọ́n bi ọ̀gá gidi, kóun náà sọ fún wọn bó ṣe dún létí ẹ̀.