Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Ìtàn Àbẹ̀kẹ́: Àsọtẹ́lẹ̀ Orí Kejì

Orí Kejì ìwé ìtàn àròsọ tí mo ń kọ ti dúró báyìí, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ kọ àkọsílẹ̀ yìí kí n tó pa kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá iṣẹ́ náà bọ̀ mọ̀ pé Orí Kìíní ti parí, pé mo ti gé ìran ọjà tí ó gùn jù kúrò ní Orí Kẹta, àti pé ìran tí Àjàní ti kọ́kọ́ fara hàn kò ní í yí padà mọ́. N kò ní í sọ púpọ̀ lórí ìwọ̀nyẹn. Àsọtẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní dá lé, nítorí pé òun ni ó dá gbogbo iṣẹ́ dúró láti ìgbà tí mo ti kọ sí yín kẹ́yìn.

Fún ẹni tí ó bá ti gbàgbé, Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún 17 tí ìyá rẹ̀ àgbà tọ́ dàgbà, Àjàní sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Àkúdàáyà ni Àjàní. Ó ti kú ní ìlú rẹ̀, wọ́n ti sin ín, ó sì ti lọ ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ó ń gba owó iṣẹ́ bí alààyè. Gbogbo wa ni a mọ òfin rẹ̀ láti inú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ní kékeré: ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ bá fojú kàn án, ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀, nítorí pé ó gbé ewu sínú ohun tí kò jọ ewu rárá, ìyẹn kí ènìyàn kan kàn dúró kí ọ ní ojú títì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Àbẹ̀kẹ́ lọ dáfá ní Orí Kejì, ohun tí ó sì gbọ́ níbẹ̀ ni ó gbé e sọ́nà ìrìn àjò tí ó gba ìdajì ìwé náà. Bí Ifá bá ti sọ fún un pé ọkùnrin báyìí ni yóò fẹ́, kò sí ohun tí ó kù fún ọmọbìnrin náà láti ṣe ju kí ó lọ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Òǹkàwé tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ kì í gba irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́, n kò sì bá a wí. Ó fẹ́ rí ọmọbìnrin tí ó dúró pẹ́ ní ẹnu ìsọ̀ atúnfóònùṣe nítorí pé ó wù ú, tí ó tún mú fóònù tí kò bàjẹ́ wá lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, bí àsọtẹ́lẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan tí ó nípọn, kò sí ìdí tí ọmọ ọdún 17 yóò fi fi ilé sílẹ̀.

Ẹsẹ tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

Ilẹ̀ tó gbé ènìyàn mì kì í bì í,
A díá fún Àbẹ̀kẹ́
Tí yóò fẹ́ ọkọ tó ti ní sàréè.

Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó tú àṣírí gbogbo ìwé kí Àjàní tó wọlé rárá. Òǹkàwé tí ó bá ka ìlà kẹta yẹn yóò ti mọ àkúdàáyà náà lójú ẹsẹ̀, yóò sì jókòó máa retí kí Àbẹ̀kẹ́ náà tó mọ̀ ọ́n, ní ojú ewé tí ó lé ní igba. Mo wá yí i padà sí «tí yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí», èyí tí kò tú àṣírí kankan, ṣùgbọ́n tí ó bá ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kejì mu. Àárín méjèèjì yìí ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Mo dán ọ̀rọ̀ olójú méjì wò, irú èyí tí «ilé» lè jẹ́ ilé ọkọ tàbí ibojì, ṣùgbọ́n àwọn ìlà náà ń dún bí àlọ́ àpamọ̀ tí ẹni tí ó pa á ti ń fi ojú sọ ìdáhùn fún ọ.

Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo fi ẹ̀dá ìtàn sílẹ̀, mo sì padà lọ wo bí ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀ ti ń rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé ẹsẹ Ifá lè ní ìpín mẹ́jọ: orúkọ àwọn awo, ẹni tí wọ́n dáfá fún, ìdí tí ó fi dáfá, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, àbáyọrí rẹ̀, bí ó ṣe gba àbáyọrí náà, àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo to àwọn ìpín wọ̀nyí sórí káàdì, mo rí i pé ìpín karùn-ún ni kókó iṣẹ́ mi. Ẹsẹ Ifá kì í kàn sọ pé nǹkan yóò ṣẹlẹ̀. Ó máa ń sọ ẹbọ, ó sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni náà láti rú u tàbí kí ó kọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ tí ó ní àyè báyìí nínú kò lè fi agbára fẹ́ ọkọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo dá ẹsẹ Àbẹ̀kẹ́ dúró sí ìpín kẹrin, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìwé náà láti parí.

Mo pinnu láti má ṣe pe orúkọ odù kankan, ìyẹn àwọn orí tí a pín ẹsẹ Ifá sí. Odù 256 ni ó wà, 16 nínú wọn ni ojú odù, ìyẹn àwọn àgbà inú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹsẹ tirẹ̀ tí àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà mọ̀ lórí. Kò tọ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ tí mo fi orí ara mi ro sí abẹ́ orúkọ odù tí kò sọ ọ́. Babaláwo inú ìwé náà yóò ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń dáfá, sílẹ̀, àwọn ẹyọ mẹ́jọ náà yóò ṣubú, àwọn kan yóò ṣí, àwọn kan yóò dé, a ó sì rí ojú bàbá náà tí ó ń kà wọ́n. Ìyẹn ti tó.

Ìgbà tí mo ń kọ ìran yìí gan-an ni ọ̀nà àbáyọ dé, kò sì wá láti inú ẹsẹ. Ẹni tí ó bá lọ dáfá kì í ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo. Ó máa ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, yóò gbé owó náà sílẹ̀, babaláwo yóò sì ki ohun tí ó bá jáde, títí tí ẹni náà yóò fi gbọ́ ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Mo ti kọ ọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ká owó bébà sí mẹ́rin, pé ó gbé e súnmọ́ ètè débi pé èémí rẹ̀ mú eruku ọjà tí ó wà lára rẹ̀ rùn sí i nímú, pé ètè rẹ̀ mì, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èmi náà kò tíì mọ ohun tí ó sọ. Ìdáhùn ni mo ti ń wá ọ̀nà láti fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbéèrè ni ó yẹ kí n fi pamọ́.

Àbẹ̀kẹ́ kò béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó béèrè, obìnrin tí wọ́n mú wá sí ìlú náà ní kékeré, tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ títí di òní, tí àìsàn sì ti ń bá jà láti Orí Kìíní. Òǹkàwé kò ní í mọ èyí títí di Orí Kẹrìnlá. Ẹsẹ tí ó dúró báyìí nìyí:

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì ní í jí ojú ọ̀nà,
Ohùn jẹ́jẹ́ ní í jí ẹni tó sùn,
A díá fún Àbẹ̀kẹ́
Níjọ́ tó ń bá àlejò wá orírun rẹ̀.
Wọ́n ní kó wá ilé náà dé ẹnu ọ̀nà,
Wọ́n ní kó má wọ̀ ọ́.
Ẹbọ ni wọ́n ní kó ṣe.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé Àjàní ní Orí Kẹta yóò gbà pé òun ni àlejò náà, Àjàní fúnra rẹ̀ yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ni àlejò. Ifá kò sọ ohun kan nípa ìfẹ́ àwọn ọmọ méjì yìí, tiwọn ni, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi mú un.

Kí n yà díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ayọ̀ yìí jẹ́. Mo fẹ́ wá gbogbo ibi tí orúkọ Àbẹ̀kẹ́ ti wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ «àlejò», ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìkọ̀wé mi kò rí ju ìdajì wọn lọ. Ohun tí ó fà á ni pé ẹ tí ó ní ìlà òòró lábẹ́, tí a máa ń rí nínú ìwé àtijọ́, àti ẹ tí ó ní àmì tótó lábẹ́ jọ ara wọn lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní. Ńṣe ni a máa ń so àmì mọ́ ọn. Kíbọ́ọ̀dù orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà kò sì so wọ́n bákan náà. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ní èdè wa ni pé kí ó lo kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó sì dán fọ́ǹtì wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi «ọ̀pẹ̀lẹ̀» kí ó tó yàn án, nítorí pé àwọn fọ́ǹtì tí ó rẹwà jù ni ó máa ń ju àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà.

Ẹsẹ tuntun yìí ti tú àhunpọ̀ ìtàn láti Orí Kẹwàá lọ. Tẹ́lẹ̀, ìlú Àjàní ni òpin ìrìn àjò. Ó kọ́kọ́ wù mí kí n sọ ọ́ di ìlú ìyá àgbà pẹ̀lú, kí ohun gbogbo lè pàdé lójú kan, ṣùgbọ́n mo ti kọ̀ ọ́. Ìṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí òǹkàwé rí ọwọ́ òǹkọ̀wé. Ìlú Àjàní yóò wà lójú ọ̀nà, wọ́n yóò sì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Àjàní mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kò sọ fún Àbẹ̀kẹ́, ó sì tẹ̀ lé e. Mo rò pé èyí ni ohun tí ó dára jù lọ tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Àjàní láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá gba ìlú rẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni yóò béèrè ohun tí oògùn ń ṣe. Ẹ rántí pé mo ti fi òfin de ẹgbé tí ń gbé ènìyàn lọ lójú ẹsẹ̀, àféèrí tí ń fi ènìyàn pamọ́, àti kánàkò nínú ìwé yìí, nítorí pé bí kánàkò bá sọ ọ̀nà di kúkúrú, kò sí ibi tí àwọn méjèèjì yóò ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àféèrí ṣì wà lábẹ́ òfin: alààyè ni ó ń fi pamọ́, Àjàní kò sì sí lára wọn. Kánàkò ni mo ń dá padà báyìí. Àbẹ̀kẹ́ yóò rí i gbà ní Orí Kẹsàn-án, yóò sì lè fi fo ìlú náà, àmọ́ èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá lò ó kò gbọdọ̀ di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Ẹni kan ni ó lè kọjá. Bí mo ti ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo ń rí i pé Orí Kọkànlá yóò di ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò lo oògùn náà, kò ní í jẹ́ ìjà pẹ̀lú àwọn adigunjalè mọ́. Kí àwọn adigunjalè máa lọ sílé wọn.

Ọ̀rọ̀ àwòrán fóònù náà ti yanjú, fún ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá àwòrán Àjàní lórí fóònù lè mú kí ó pòórá. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá rí àwòrán Àjàní, kò ní í pòórá, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kan yóò tutù, kò sì ní í móoru mọ́. Ìka méjì ti tutù kí Àbẹ̀kẹ́ tó ṣàkíyèsí.

Orí Kẹwàá ni mo máa kọ́kọ́ tún kọ, lẹ́yìn náà Orí Kọkànlá. Ìran ibojì tí ó wà ní Orí Kejìlá kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́, nítorí pé Àbẹ̀kẹ́ kò ní í dé ibojì náà rárá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbé e sínú fáìlì ọ̀tọ̀, mo sì ti yọ káàdì rẹ̀ kúrò lára ògiri.